Bí a ṣe ń fi fóònù darí omi oko ní Àgbádárìgì láìfi omi ṣòfò

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní oko ewébẹ̀ ní agbègbè Àgbádárìgì ni kì í gbé nídìí oko náà. Iṣẹ́ wọn wà ní Àpápá tàbí ní Erékùṣù Èkó, ilé wọn wà lọ́nà Mile 2, títì tó so ibẹ̀ mọ́ Àgbádárìgì kì í sì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun yóò là já kí oòrùn tó mú. Ẹni tó wà lóko ni wọ́n ń gbára lé: yóò tan pọ́ǹpù láàárọ̀, yóò lọ roko tàbí lọ wá nǹkan jẹ, omi yóò sì máa ṣàn títí yóò fi rántí rẹ̀. Fóònù lè tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe, àmọ́ kì í ṣe níbi tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ náà máa ń tọ́ka sí. Wọ́n á ní ẹ lè tan pọ́ǹpù yín láti orí ibùsùn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n títan pọ́ǹpù kò dín ẹ̀kán omi kan kù. Pípa á lákòókò ló ń dín in kù. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó máa wò lára ẹ̀rọ yòówù tí wọ́n bá gbé wá bá yín ni bóyá ó lè pa omi fúnra rẹ̀, kódà bí fóònù yín bá kú tàbí bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ mọ iye omi tí pọ́ǹpù yín ń gbé jáde. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì lítà 25, ẹ gbé e sí ibi tí omi ti ń wọ inú oko gan-an, kì í ṣe sẹ́nu kànga, kí ẹ sì fi aago fóònù ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó fi kún. Ẹ tún un ṣe títí iye tí ẹ ń rí kò fi ní yàtọ̀ púpọ̀ mọ́. Bí kẹ́ẹ̀gì náà bá kún láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30, lítà 50 ni pọ́ǹpù yín ń gbé wá ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn lítà 3,000 ní wákàtí kan. Ẹ kọ iye yìí sára ògiri ilé pọ́ǹpù, torí pé òun ni gbogbo ìṣirò tó kù dúró lé.

Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ ṣírò iye omi tí ewébẹ̀ yín ń fẹ́. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, ẹ lè fi mìlímítà 5 lóòjọ́ ṣe ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹ̀fọ́, ilá tàbí tòmátì tó ti gbèrú; tí wọ́n bá ṣì kéré, kò ní tó bẹ́ẹ̀. Mìlímítà kan omi lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó jẹ́ lítà kan gééré, èyí ló sì mú kí ìṣirò náà rọrùn. Pulọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 jẹ́ nǹkan bíi mítà 18 sí 36, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 648. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀nà tí ẹ ń gbà láàárín ebè, 432 ló kù tó ń fẹ́ omi. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 5, ẹ ó rí lítà 2,160 lóòjọ́.

Kì í ṣe gbogbo omi tó jáde lẹ́nu páìpù ló ń dé ìdí gbòǹgbò, ibi tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì ti ń pàdánù nìyẹn láìmọ̀. Nínú ìṣirò tí FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, fi ń kọ́ni, rọ́bà tó ń kán omi sídìí ọ̀gbìn, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní dírípù, ń fi ìdá 90 nínú 100 omi rẹ̀ ṣe ohun tó yẹ. Ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi sókè ń fi 75 ṣe é. Omi tí a dà sílẹ̀ kó máa ṣàn kò sì ju 60 lọ. Nígbà náà, pulọ́ọ̀tì tí a ṣírò yìí yóò gba lítà 2,400 lóòjọ́ bí ẹ bá lo dírípù, yóò sì gba 3,600 bí ẹ bá jẹ́ kí họ́ọ̀sì máa da omi sáàárín ebè. Pẹ̀lú pọ́ǹpù onílítà 50, ìṣẹ́jú 48 ni ti dírípù, ìṣẹ́jú 72 sì ni ti họ́ọ̀sì. Bí ẹni tó tan pọ́ǹpù bá sì gbàgbé rẹ̀ fún wákàtí méjì, lítà 6,000 ti lọ. Ẹni tí kò bá tíì ní dírípù, tó sì ní owó tó tó ohun kan ṣoṣo, kó ra dírípù kó tó ra ẹ̀rọ fóònù.

Ilẹ̀ Àgbádárìgì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Apá etí òkun àti etí ọ̀sà jẹ́ yanrìn, dída omi púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan sì dà bí ìgbà tí a ń da omi sínú asẹ́. Ilẹ̀ oníyanrìn kì í mú ju mìlímítà 25 sí 100 omi tí ọ̀gbìn lè lò dúró nínú ìjìnlẹ̀ mítà kan, nígbà tí ilẹ̀ amọ̀ lè mú 175 sí 250. Bí gbòǹgbò ẹ̀fọ́ yín kò bá jìn ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, tí a sì mú 60 fún ilẹ̀ yín, mìlímítà 18 péré ló wà ní àrọ́wọ́tó rẹ̀, kò sì dára kí ẹ jẹ́ kó lo ju ìdajì rẹ̀ lọ kí ẹ tó fún un ní òmíràn. Ẹni tó bá bomi rin oko lẹ́ẹ̀kan fún ọjọ́ mẹ́ta ti da mìlímítà 15 síbi tí kò lè gbà ju 9 lọ. Èyí tó kù yóò kọjá ìdí gbòǹgbò, yóò sì fọ yúríà àti ìgbẹ́ adìẹ tí ẹ fi owó rà lọ sínú ilẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń pín ìṣẹ́jú 48 yẹn sí méjì: 24 ní ìdájí, 24 nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Ó ṣòro láti rí òṣìṣẹ́ tí yóò máa ṣe èyí lójoojúmọ́ láìyẹ̀. Ó rọrùn fún ẹ̀rọ. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ ní amọ̀, tí erùpẹ̀ rẹ̀ ń dì pọ̀ bí ó bá fún un lọ́wọ́, lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ tàbí kó fi ọjọ́ kan fo ọjọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ náà ń bẹ. Ní etíkun, omi tó dùn ló lefòó lórí omi iyọ̀ nínú ilẹ̀, bí a bá sì ń fà á ní àfàtúnfà láìsinmi, omi iyọ̀ lè gòkè wá sínú kànga. Fífà á díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìsinmi láàárín dín ewu yìí kù, nítorí náà pípín tí a pín àkókò náà ṣe kànga fúnra rẹ̀ láǹfààní. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn iyọ̀ inú omi kò gba ju àpò ṣẹ́ẹ̀tì lọ. Ẹ máa fi wọn omi yín lóṣooṣù nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ bó bá ń pọ̀ sí i.

Ó kan ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni fóònù lè gbà darí omi oko, ohun tó ń gbé pọ́ǹpù yín ló sì máa sọ èyí tó bá yín mu. Bó bá jẹ́ iná ọba tàbí sóólà, ẹ lè máa darí pọ́ǹpù tààrà. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ tí a ń fi okùn fà, kò sí ìpè tó lè fa okùn náà fún yín. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó wà lóko fi jẹnẹrétọ̀ kún táńkì nígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí fóònù máa ṣí ẹnu táńkì, kó sì máa tì í. Ọ̀nà kejì yìí ni èmi yóò yàn fún ọ̀pọ̀ oko tí kò ju pulọ́ọ̀tì méjì lọ, bí iná ọba tilẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí bí ohun gbogbo bá kọṣẹ́, omi tó lè ṣòfò kò lè ju èyí tó wà nínú táńkì lọ.

Àpótí tó ń gba síìmù ni ẹ ó rà. Oríṣi kan ń ṣiṣẹ́ bí ẹ bá fíláàṣì rẹ̀: ó ń wo nọ́ńbà tó ń pè é, bó bá wà lára àwọn tí ẹ fi sínú rẹ̀, yóò já ìpè náà láìgbé e, yóò sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kò ná yín ní kọ́bọ̀. Oríṣi kejì ń gba àtẹ̀jíṣẹ́, ó sì ń fèsì, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ ó mọ̀ bóyá ó ti ṣe é tàbí kò tíì ṣe é. Ẹ wá èyí tó ń ṣe méjèèjì. Àpótí tí wọ́n ń tà fún ṣíṣí géètì ilé ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, ó sì máa ń dín owó ju èyí tí wọ́n kọ orúkọ oko sí lára lọ; àmọ́ ẹ béèrè iye àkókò tó lè wà ní títàn, nítorí àwọn kan nínú wọn kì í kọjá ìṣẹ́jú àáyá 999, tí kò tó ìṣẹ́jú 17. Ti Wi-Fi tó ní áàpù tirẹ̀ dára fún oko tó ti ní íntánẹ́ẹ̀tì tó dúró. Fún àwọn yòókù, owó dátà àti wàhálà rẹ̀ pọ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ.

Ní Íńdíà, Santosh Ostwal ti ìlú Pune ṣe irú àpótí bẹ́ẹ̀ tó pè ní Nano Ganesh, nítorí pé iná máa ń dé sí oko àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ lóru, wọ́n a sì máa rìn nínú òkùnkùn lọ tan pọ́ǹpù. Ọ̀rọ̀ wọn kò jìnnà sí tiwa. Bí àpótí yín bá lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún yín pé iná ti dé sí oko, ẹ ó kún táńkì ní aago méjì òru láìjí ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ so ó. Àpótí náà kò gbọ́dọ̀ gbé iná pọ́ǹpù fúnra rẹ̀. Pọ́ǹpù 1 HP, tó jẹ́ wáàtì 746, ń fa iná ní ìlọ́po mélòó kan bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn sì lè lẹ ẹnu rílé, ohun kékeré tó ń tan iná tó sì ń pa á nínú àpótí, pọ̀ mọ́ ara wọn. Bó bá ti lẹ̀ pọ̀, kò sí àtẹ̀jíṣẹ́ tó lè pa pọ́ǹpù mọ́. Kọ́ńtákítọ̀, ìyẹn suwíìṣì ńlá tó lè gba agbára iná pọ́ǹpù, ni kó gbé iná náà, kí àpótí máa pàṣẹ fún kọ́ńtákítọ̀. Ẹ fún àpótí náà ní bátìrì volt 12 àti páńẹ́ẹ̀lì sóólà kékeré tirẹ̀, kó má bàa kú nígbàkigbà tí iná bá lọ. Ẹ fi sínú páálí ike tí omi kì í wọ̀, ẹ gbé e ga ju ibi tí àgbàrá lè dé, ẹ sì ri wáyà ilẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, torí pé ibi tí omi àti iná ti pàdé ni à ń sọ yìí.

Bí ọmọ yín tó mọ kọ̀ǹpútà bá fẹ́ fi Arduino (pátákó kọ̀ǹpútà kékeré) àti SIM800L (ẹ̀rọ kékeré tó ń gba síìmù) kan an fúnra rẹ̀, kó ṣe é, ó dínwó. Kó ṣáà rántí pé volt 3.4 sí 4.4 ni SIM800L ń fẹ́, àti pé ó lè fa tó ampere 2 lójijì bó bá ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Iná tí kò tó ni ìdí tí púpọ̀ nínú wọn fi ń kú tí wọ́n sì ń tàn léraléra. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní 2G nìkan ló ń lò. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ fóònù Telstra ti Ọsirélíà ti pa tirẹ̀ láti 2016, nítorí náà bí àyè bá gbà yín, ẹ ra èyí tó lè lo 4G.

Táńkì ní ìṣòro kan tí àwọn tó ń ta fáàfù kì í sọ. Fáàfù oníná tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà ń lo agbára omi fúnra rẹ̀ láti ṣí ẹnu. Omi tó ga ní mítà 10 ló ń fúnni ní agbára báà kan (báà ni a fi ń wọn bí omi ṣe ń tì tó). Táńkì tó wà lórí ìdúró mítà 2 kò fúnni ju ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ lọ. Fáàfù náà yóò dún, ẹ ó rò pé ó ti ṣí, omi yóò sì máa jò díẹ̀díẹ̀ gba inú rẹ̀. Èyí tí mọ́tò kékeré ń yí ni kí ẹ béèrè, nítorí kò nílò agbára omi láti ṣí. Ẹ tún béèrè bóyá ó ń ti ara rẹ̀ bí iná bá já, torí àwọn mìíràn nínú wọn yóò dúró síbi tí iná ti bá wọn, bó bá jẹ́ ní ṣíṣí, omi yín ti lọ nìyẹn. Kí omi tó wọ dírípù, kó kọ́kọ́ gba inú asẹ́ tí ihò rẹ̀ kéré, èyí tí ọjà ń pè ní 120 mẹ́ẹ̀ṣì, kọjá. Omi kànga wa máa ń ní irin, èyí tó ń di ìpaara bó bá ti rí afẹ́fẹ́. Bó bá sùn nínú táńkì mọ́jú, púpọ̀ nínú ìpaara náà yóò rì sí ìsàlẹ̀ dípò kó dí ihò dírípù.

Síìmù náà gba àkíyèsí. Ẹ fi orúkọ àti NIN ara yín gbà á, ẹ má gba ti ọmọ iṣẹ́, torí bó bá lọ, oko yín ti lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí ẹ tó yan iléeṣẹ́, ẹ fi fóònù lásán dúró síbi tí àpótí yóò wà, kí ẹ pè, kí ẹ sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ní ọ̀sán àti ní alẹ́. Bí oko yín bá sún mọ́ Sẹ̀mẹ̀, fóònù lè já sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilẹ̀ Benin láìsọ fún yín; ẹ so síìmù náà mọ́ iléeṣẹ́ Nàìjíríà kan ṣoṣo kí ẹ tó fi sínú àpótí. Bákan náà, síìmù tó ń gba fíláàṣì nìkan, tí kì í náwó, ni wọ́n lè tì pa lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹ jẹ́ kí àpótí máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí yín lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ó sì tipa bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ó wà láàyè. Nọ́ńbà aṣínà tó bá a wá, tó sábà máa ń jẹ́ 1234, ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀.

Mo padà sórí pípa. Àtẹ̀jíṣẹ́ lè pẹ́ ní wákàtí méjì kó tó dé, ẹnikẹ́ni tó bá ń lo fóònù nílẹ̀ yìí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ẹ má fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan tan omi kí ẹ wá máa retí òmíràn láti pa á. Ẹ fi ìṣẹ́jú 24, tàbí iye tí ìṣirò oko tiyín bá fún yín, sínú àpótí náà, kó jẹ́ pé bó bá ti tan omi, ó ti mọ ìgbà tí yóò pa á. Ẹ tún jẹ́ kí oníṣẹ́ iná fi táímà mìíràn sójú ọ̀nà kọ́ńtákítọ̀, kí ó wà ní ìṣẹ́jú 30, nítorí ọjọ́ tí àpótí bá dákú. Ẹ̀kẹta ni ohun tó ń pa pọ́ǹpù bí kànga bá gbẹ, torí pé pọ́ǹpù tó ń yí láìsí omi yóò jóná. Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò: ẹ tan omi, ẹ yọ síìmù kúrò, kí ẹ sì dúró níbẹ̀. Bó bá pa ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 24, ẹ tún tan án, kí ẹ já iná, kí ẹ dá a padà. Pípa ló gbọ́dọ̀ wà nígbà tí iná bá padà dé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má sanwó oníṣẹ́ tán.

Ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin ilẹ̀ wà, ó sì lè so mọ́ àpótí náà, àmọ́ mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, ẹ fi ọwọ́ wa ilẹ̀ jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 ní ìdájí, kí omi tó wọ̀ ọ́: bí yanrìn náà bá ṣì tutù tó sì ń lẹ̀ mọ́ ìka, ẹ dín ìṣẹ́jú márùn-ún kù, bó bá gbẹ tó ń yọ̀ dànù, ẹ fi márùn-ún kún un. Ẹ gbé agolo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún régé sí gbangba láti gba òjò. Bí òjò bá pọn mìlímítà 10 sínú rẹ̀, omi ọjọ́ méjì nìyẹn, ẹ má ṣe jẹ́ kí àpótí tan omi ní ọjọ́ méjèèjì. Nígbà tí ẹ bá wá fẹ́ ra ẹ̀rọ ọ̀rinrin, ẹ yẹra fún èyí tó ní eyín irin méjì tó hàn síta, nítorí kì í pẹ́ tí ìpaara fi ń jẹ ẹ́. Èyí tí a fi ọ̀dà bo gbogbo ara rẹ̀ ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kà á lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé ìgbà tí ẹ bomi rin ilẹ̀ yó, ẹ tún kà á nígbà tí ewé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa rọ, kí ẹ sì fi àárín méjèèjì ṣe ibi tí omi yóò ti máa ṣí.

Ẹni tó wà lóko gbọ́dọ̀ ní ipò nínú ètò yìí. Ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ sínú àpótí pẹ̀lú tiyín, ẹ fi ibi tí wọ́n ti ń pa ohun gbogbo lọ́wọ́ hàn án, kí ẹ sì ní kó máa rìn ká ìlà dírípù nígbà tí omi bá ń lọ, torí pé fóònù kò lè rí rọ́bà tí òkété bù jẹ.

Bí òjò bá dé ní oṣù Kẹrin, ẹ ṣí ìdí àwọn dírípù kí omi fọ wọ́n, ẹ ká wọn jọ kúrò lójú oòrùn, kí ẹ sì fọ asẹ́. Ẹ má tú àpótí náà kúrò lára ògiri. Bátìrì rẹ̀ àti síìmù rẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lọ, nítorí pé òjò máa ń dá díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, ẹ̀fọ́ tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́ sórí yanrìn nígbà náà kò sì lè dúró dìgbà tí ẹ ó wá oníṣẹ́ iná.